Yìnyín fún Èrìgì Ọmọ

Àkọ́bí mi pé oṣù méje nígbà tí eyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Itọ́ ń dà ní àgbọ̀n rẹ̀ títí ọrùn aṣọ rẹ̀ fi ń tutù, èrìgì ìsàlẹ̀ rẹ̀ wú, ó sì pọ́n. Ìtamágà ní Ìkòròdú là ń gbé nígbà náà. Ọkọ mi a ti jáde lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, yóò sì ku èmi àti ọmọ tó ń ké.

N kì í fi ọ̀rọ̀ ọmọ ṣeré. Ṣíbí rẹ̀, ife rẹ̀, rọ́bà tó ń rún lẹ́nu, ìṣẹ́jú mẹ́wàá gééré ni mo fi ń sè wọ́n, aago ni mo sì fi ń wò ó. Nígbà tí aládùúgbò kan sọ pé ohun tútù máa ń tu èrìgì lára, mo gbà. Iná kì í dúró débi tí fìríìjì yóò fi tutù, nítorí náà mo ń ra yìnyín láràárọ̀ lọ́wọ́ obìnrin kan ní ibùdókọ̀ Benson. Mo ń fọ́ ọ, mo ń dì í sínú aṣọ ìnujú tí mo ti sè, mo sì ń fi tẹ èrìgì ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Igbe a dá.

Ní ọjọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru.

"Eyín ni," gbogbo àwọn tá a jọ ń gbé ilé ní. "Yóò lọ."

Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kejì tí ìgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ó ń ké, omijé kò jáde. Ẹ̀rù bà mí. Mo sáré lọ sábẹ́ agboòrùn àwọn tó ń ta ìpè fóònù, mo pe ìyá ọkọ mi, tó ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́. Ó dé kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì, ó bá mi níbi tí mo ti ń fọ́ yìnyín.

"Kí lò ń fi ìyẹn ṣe?"

"Èrìgì rẹ̀ ni mo ń fi tẹ̀, Màmá. Ó ń tù ú lára."

"Háà, ìyàwó! Láti ìgbà tí mo ti ń ta ẹja ni mo ti ń ra yìnyín. Mo mọ irú omi tí wọ́n fi ń ṣe é. Èyí tí à ń dà sórí ẹja ọ̀bọ̀kún lo kó sẹ́nu ọkọ mi? Ṣé o fẹ́ gbé e lọ sọ́jà ni?"

Ojú tì mí. Mo se aṣọ, n kò bèèrè ibi tí omi yìnyín inú rẹ̀ ti wá.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí. Nọ́ọ̀sì fún wa ní iyọ̀ àti ṣúgà inú ọ̀rá, ó ní ká pò ó mọ́ omi tí a sè tó ti tutù, ká máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ máa ṣọ́ ìtọ̀ rẹ̀," ó ní. "Tó bá ti tọ̀ dáadáa, omi ti ń padà sára rẹ̀ nìyẹn. Tí kò bá tọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ tètè gbé e padà wá."

Nílé, Màmá fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́, ó gbé ọmọ lé itan, ó ń fi ìka ra èrìgì rẹ̀.

"Ìka yìí ni bàbá ẹ gé jẹ," ó ń sọ fún un. "Ìwọ náà, gé e jẹ, ọkọ mi."

Èmi ń fi ṣíbí bu omi iyọ̀ àti ṣúgà náà sí i lẹ́nu. Mo ti ka ṣíbí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nígbà tí Màmá dédé pariwo. Mo fò dìde.

"Kí ló ṣe é?"

"Ó tọ̀! Ó tọ̀ sí mi lára!"

Ìró tí Màmá ró wá láti Ẹ̀pẹ́ ti tutù rinrin. Mo na ọwọ́ láti gba ọmọ, kó lè rí nǹkan mìíràn ró.

"Fi í sílẹ̀," Màmá ní. "Jẹ́ kó tọ̀ tán."