Ẹsẹ̀ Mẹ́fà Ra Ilé Sókè Òkun

Bí o bá fẹ́ bá káfíńtà yìí jà, sọ fún un pé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ti gùn jù. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ń kan bẹ́ẹ̀dì ní ẹ̀yìn ilé epo kan, nínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù tí eruku igi ti bò bí ìyẹ̀fun, kò sì fìgbà kankan kan èyí tí gígùn rẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Oníbàárà tó bá ní yàrá òun kéré, tó ní kí ó bá òun gé e kù díẹ̀, ohun tó máa gbọ́ ni pé, "Lọ fẹ yàrá ẹ lójú. Èmi ò kan bẹ́ẹ̀dì fún ògiri." Bí àwọn ará àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Ẹsẹ̀ Mẹ́fà nìyẹn. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ kò ga. Bó bá gbé bẹ́ẹ̀dì nàró, tó dúró tì í, ẹ ó rò pé bẹ́ẹ̀dì ló ni ṣọ́ọ̀bù.

Ìbàdí ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ẹni tó bá ti ń fi ràndà fá igi líle fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ìbàdí rẹ̀ á máa bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Ti Ẹsẹ̀ Mẹ́fà kì í sọ̀rọ̀ mọ́, igbe ló ń ké. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti kìlọ̀ títí ó ti sú u.

"Bàbá wọn, ìbàdí yìí kì í ṣe igi o. Tó bá kán, a ò ní gọ́ọ̀mù tí a máa fi lẹ̀ ẹ́."

Ọkùnrin náà gbà pé ó yẹ kí òun gbé ràndà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni wọn yóò máa jẹ? Àwọn ọmọ wọn obìnrin ti lọ sílé ọkọ, kò sì wù ú kí ó máa wo ojú àna kí ó tó jẹun. Ohun tó ń wá ni nǹkan tí yóò máa ṣiṣẹ́ nígbà tí òun bá ń sùn.

Abẹ́ tábìlì ló ti rí i. Òtẹ́ẹ̀lì kan pè é pé kí ó wá tún ẹsẹ̀ tábìlì kan ṣe nínú gbọ̀ngàn wọn kí àwọn àlejò tó dé. Iṣẹ́ kò tíì parí tí àwọn àlejò fi wọlé, tí ejẹ́ǹtì kan tó ń ta ilé sì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹsẹ̀ Mẹ́fà rò ó pé bí òun bá yọrí síta báyìí pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, wọ́n á pariwo olè. Ó bá jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́.

Ọmọ ilé ni ejẹ́ǹtì náà, àmọ́ òkè òkun ló ń gbé, ẹnu rẹ̀ sì dùn débi pé ó lè ta omi òjò fún ẹja. Ó ní ìlú kan wà lọ́hùn-ún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbérí. Àná, igbó ni. Lónìí, ojú irin ti dé ibẹ̀, ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti dé, àwọn òṣìṣẹ́ ń wá yàrá bí ẹni ń wá omi. "Ẹni tó bá ra yàrá níbẹ̀ báyìí, owó ẹyin ló fi rà á. Tó bá di adìyẹ lọ́la, tiyín ni. Ẹ ó kàn wà lórí àga yín níbí, ẹ ó máa gbọ́ kíín lórí fóònù. Owó ilé ti wọlé nìyẹn." Kò sọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹyin mìíràn.

Ó wá tan àwòrán yàrá kan sára ògiri. Ilé náà kò tíì dé àárín, ó ní, ṣùgbọ́n wọ́n ti parí yàrá kan ṣoṣo kí àwọn oníbàárà lè rí bí ìyókù yóò ṣe rí. Àwọn ènìyàn ń béèrè owó orí, wọ́n ń béèrè òfin, wọ́n ń béèrè ẹni tó máa gba owó lọ́wọ́ ayálégbé. Ohùn kan jáde láti abẹ́ tábìlì.

"Ta ló kan bẹ́ẹ̀dì yẹn?"

Obìnrin kan ní ìlà iwájú fò sókè. Ejẹ́ǹtì náà kò kúkú yẹ̀. "Bàbá wa tó wà lábẹ́ tábìlì, ìbéèrè yín dára púpọ̀," ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún un ní ìwé pẹlẹbẹ kan tó ń dán.

Ìwé yẹn ni Ẹsẹ̀ Mẹ́fà tẹ́ sórí tábìlì oúnjẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àwòrán kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n yà láti òkè àjà, tó fi gbogbo yàrá náà hàn. Ó gbé rúlà lé bẹ́ẹ̀dì, ó fi pẹ́ńsùlù sàmì, ó ń gbé e lọ.

"Ìyá wọn, wá wò ó. Bẹ́ẹ̀dì yìí wọ inú yàrá lẹ́ẹ̀mejì àbọ̀. Mẹ́fà lọ́nà méjì àbọ̀, mélòó ni? Ẹsẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Yàrá ńlá! Tọkọtìyàwó lè gbé e, kí wọ́n tún gba àlejò."

Ìyàwó rẹ̀ tẹ jígí ojú rẹ̀ mọ́ imú. "Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé. Mítà mẹ́ta ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mítà mẹ́ta ò ju bí ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ."

Ẹ̀rín pa ọkùnrin náà. "Nọ́ọ̀sì, ìwọ náà! Ti ìjọba nìyẹn. Ta ló ń kọ ìwọ̀n ilé ẹ̀ gan-an sínú ìwé tí agbowó-orí máa rí? Tí wọ́n bá kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n á san ti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mélòó làwa kọ fún ṣọ́ọ̀bù wa?"

Obìnrin náà mọ iye tí wọ́n kọ. Nínú ìwé àwọn agbowó-orí, ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ kò tóbi ju ibi tí ewúrẹ́ kan lè yípo sí.

"Àwòrán lè parọ́," ni Ẹsẹ̀ Mẹ́fà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ìwé lè parọ́. Ejẹ́ǹtì, irọ́ niṣẹ́ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ni kì í parọ́. Níbikíbi tí ọmọ ènìyàn bá ti ń sùn, ẹsẹ̀ mẹ́fà ni."

"Ẹ ṣáà bi ejẹ́ǹtì yẹn bí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ṣe gùn tó."

"Kí èmi máa bi ènìyàn ní gígùn bẹ́ẹ̀dì? Èmi? Kí n wá di ẹlẹ́yà?"

Báyìí ni nọ́mbà kan ṣoṣo tó jẹ́ òótọ́ nínú ìwé náà ṣe di irọ́ lójú ẹni tó mọ ayé. Wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n tọ́jú fún ọjọ́ ogbó, wọ́n fi ra yàrá kan ní àjà kẹrin ilé kan, ní ìlú tí wọn kò dé rí.

Láti ọjọ́ náà, ayé yí padà ní ẹ̀yìn ilé epo. Wẹ́dà tó ń jó irin ní ṣọ́ọ̀bù kejì kì í kí i ní Ẹsẹ̀ Mẹ́fà mọ́.

"Lánlọ́ọ̀dù Òkè Òkun! Ìgbà wo lẹ máa ju ẹrù ayálégbé síta?"

"Ayálégbé tèmi ò lè dà bíi yín," ni Ẹsẹ̀ Mẹ́fà á dá a lóhùn. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sá gba fèrèsé tí lánlọ́ọ̀dù bá kanlẹ̀kùn."

Ó lé díẹ̀ ní ọdún kan kí ejẹ́ǹtì tó pè pé ilé ti ń parí, kí wọ́n ra bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ òun, nítorí yàrá òfìfo kì í tètè rí ayálégbé. Kí Ẹsẹ̀ Mẹ́fà ra bẹ́ẹ̀dì! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù nù. Oṣù méjì gbáko ló fi kan bẹ́ẹ̀dì kan tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, tó gùn ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, pẹ̀lú kọ́bọ́ọ̀dù ràgàjì kan. Kò fi ìṣó kan sí i. Orí igi ló ń wọ inú ihò igi, tí gọ́ọ̀mù á sì dì wọ́n pọ̀. Ó kọ nọ́mbà sí igi kọ̀ọ̀kan, ó dì wọ́n, ó fi wọ́n sínú ọkọ̀ ojú omi. Ó ní iṣẹ́ tí òun máa ṣe kẹ́yìn nìyẹn, ìbàdí òun sì gbọ́.

Ẹrù náà gúnlẹ̀ ní Ọjọ́rú. Ní Ọjọ́bọ̀, ejẹ́ǹtì pe Ẹsẹ̀ Mẹ́fà lórí fídíò láti inú yàrá náà. Òun àti òṣìṣẹ́ kan ló wà níbẹ̀, nítorí ayálégbé ti rí: ẹnjiníà kan, tó fẹ́ wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹsẹ̀ Mẹ́fà gbé fóònù ti agolo gọ́ọ̀mù nínú ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó rẹ̀ sì jókòó tì í. Kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n kọ́kọ́ tò. Bẹ́ẹ̀dì ló kàn.

"Nọ́mbà kẹta sínú nọ́mbà kẹrin. Fi òòlù lù ú. Rárá o! Má lù ú bí ẹni ń pa ejò. Lù ú bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn àna ẹ̀."

Lẹ́yìn bí wákàtí méjì, ejẹ́ǹtì nu òógùn. "Ó ti jókòó, Dádì. Ó rẹwà gan-an ni."

"Gọ́ọ̀mù ti gbẹ?"

"Ó ti gbẹ."

"Ó dáa. Fẹ̀yìn rìn, kí n rí gbogbo ẹ̀."

"Ògiri ló wà lẹ́yìn mi, Dádì."

"Bọ́ sápá òsì."

"Kọ́bọ́ọ̀dù ni."

"Ọ̀tún ńkọ́?"

"Òṣìṣẹ́ wa ló há síbẹ̀."

Ẹsẹ̀ Mẹ́fà tẹjú mọ́ fóònù. "Kí ni ẹsẹ̀ ẹ wà lórí ẹ̀ yẹn? Ta ní kó o fi bàtà gun bẹ́ẹ̀dì mi?"

"Dádì, kò síbòmíì tí mo lè dúró sí."

"Ṣílẹ̀kùn, kó o bọ́ síta."

Ejẹ́ǹtì nawọ́ fa ilẹ̀kùn. "Ilẹ̀kùn yìí, inú ló ń ṣí sí. Bẹ́ẹ̀dì ti dí i, kò sì ráyè sún."

Nọ́ọ̀sì sún mọ́ fóònù. "Ṣé ohun tẹ́ ẹ ń sọ ni pé ẹ ti kan ara yín mọ́lé?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, Mọ́mì."

"Ibo ni ìyókù yàrá náà wà?" ni Ẹsẹ̀ Mẹ́fà ké.

"Ìyókù bíi báwo? Yàrá ọ̀hún nìyí. Mítà mẹ́ta. Ó wà nínú ìwé."

Nọ́ọ̀sì wúkọ́. Ikọ́ náà gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

"Bẹ́ẹ̀dì tó wà nínú àwòrán ńkọ́? Báwo ló ṣe gùn tó?"

"Ìyẹn? Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni. Ti àwòrán lásán ni, kí yàrá lè dà bí ẹni pé ó fẹ̀. Gbogbo wa la ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sùn lórí ẹ̀."

Ẹsẹ̀ Mẹ́fà jókòó sórí pákó. Pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, ó lè gbà á. "Wọ́n kan bẹ́ẹ̀dì," ló ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "wọ́n kan bẹ́ẹ̀dì tí ènìyàn ò lè sùn lórí ẹ̀."

"Dádì, báwo la ṣe máa tú u?"

"Kò ṣeé tú. Igi tí mo bá fi gọ́ọ̀mù so, ikú ló ń yà á."

"Ayálégbé ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Yàrá bí ogójì ló ṣófo nínú ilé yìí. Tí kò bá rí tiwa wọ̀, kò ní dúró."

"Bàbá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ènìyàn méjì ló há síbẹ̀ yẹn. Mo ti ń wo ìdúró ọ̀kan nínú wọn. Ó fẹ́ tọ̀."

"Èmi ni, Mọ́mì," ni ejẹ́ǹtì wí.

Ẹsẹ̀ Mẹ́fà fọwọ́ lé ìbàdí. Bí ayálégbé yẹn bá lọ, ràndà ló kù. "Ayùn wà níbẹ̀?"

"Ó wà."

"Gé e." Ó gbé ìka sókè. "Fífẹ̀ ẹ̀ ni kó o gé o! Gé e sí ẹsẹ̀ mẹ́ta, kó o fi ìṣó kan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ padà. Gígùn ẹ̀, tí ayùn bá fi lè kàn án, màá wọkọ̀ òfuurufú wá bá ẹ níbẹ̀ yẹn."

Kò lè wò ó. Ó kọjú sógiri. Ìró ayùn ń jáde látinú fóònù, híṣì-háṣà, ìyàwó rẹ̀ sì ń ròyìn fún un bí ẹni dúró ti aláìsàn lórí tábìlì iṣẹ́-abẹ. "Wọ́n ti dé àárín. Ó ń lọ dáadáa. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò yọ." Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ejẹ́ǹtì kò dúró láti kí wọn pé ó dìgbà. Eré ló sá.

Ẹnjiníà náà wọlé lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun kò tíì rí bẹ́ẹ̀dì tó le tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí Ẹsẹ̀ Mẹ́fà fi ojú tọkọtìyàwó wò, àpọ́n kan ló gbà á, àpọ́n kì í sì í san owó ènìyàn méjì. Nígbà tí fóònù dún kíín níparí oṣù, Ẹsẹ̀ Mẹ́fà àti Nọ́ọ̀sì jókòó, wọ́n ṣírò rẹ̀ síwá, wọ́n ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn. Kò tó kí ènìyàn gbé ràndà sílẹ̀ pátápátá. Ilé òkè òkun ra ìsinmi Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún un. Láti Ọjọ́rú lọ, ó di ti ṣọ́ọ̀bù.

Ní Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, oníbàárà kan tó bá ṣọ́ọ̀bù ní títì wá a délé. Nọ́ọ̀sì pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ Mẹ́fà wà lẹ́yìn aṣọ fèrèsé, ó dùbúlẹ̀, ike omi gbígbóná wà ní ìbàdí rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì. Ọ̀gá ńkọ́?"

"Wọ́n lọ sílé wọn tó wà lókè òkun."

"Háà! Lánlọ́ọ̀dù! Ìgbà wo ni wọ́n máa dé?"

"Ọjọ́rú."

"Ọjọ́rú ọ̀tunla? Mo ṣì rí wọn lánàá! Ẹni tó lọ òkè òkun, kí ló ń sáré padà bọ̀ wá ṣe?"

Lẹ́yìn aṣọ fèrèsé, ọkùnrin náà ti ki ìrọ̀rí bọ ẹnu, nítorí ẹ̀rín máa ń fa ìbàdí rẹ̀.

"Ilé ọ̀hún ni ò tóbi," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Kì í gba ènìyàn ju ọjọ́ méjì lọ."