Ewé Tútù fún Ọkọ̀ Tó Sáré Ìje

Lójú títì tó ti Savalou lọ sí Bantè, àmì kan wà tí olùkọ́ kankan ò kọ́ wa, tí gbogbo wa sì mọ̀. Bí o bá rí ẹ̀ka igi tó ṣì ní ewé tútù lórí, tí wọ́n tò sílẹ̀ lójú ọ̀nà, dín eré kù. Ọkọ̀ kan ti bàjẹ́ níwájú, tàbí ènìyàn ti ṣubú síbẹ̀. Awakọ̀ ẹrù, ẹni tó gun alùpùpù, ọlọ́pàá, gbogbo wọn ló ń bọ̀wọ̀ fún ewé yẹn. Lọ́dún tí bàbá wa kú lójú títì kan náà, kí ẹnikẹ́ni tó lè la ẹnu sọ fún ìyá wa, ewé ló kọ́kọ́ rí.

Mo ní láti kọ́kọ́ sọ èyí, nítorí láìsí i, ìríra tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ kò ní yé ènìyàn. Wọn yóò rò pé nítorí ọkọ̀ tó bàjẹ́ ni. Ọkọ̀ dùn mí, mi ò purọ́, ṣùgbọ́n ohun tó dunni àti ohun tó ríni lára, ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ìyá wa ló ni ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ gígùn kan ni, ó ti gbó, a sì ti yọ àga ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò kí iṣu lè ráyè. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń wà á. Fòfó ni mò ń pè é, bí a ti ń pe ẹ̀gbọ́n lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ tí a gbà lẹ́nu àwọn Mahi tó yí wa ká. Ọkọ̀ yìí ló ń kó iṣu ìyá wa láti Gouka àti Lougba lọ sọ́jà Savalou. Òun ló ń gbé aláìsàn àdúgbò lọ sílé ìwòsàn. Ohun tí a ń jẹ nílé, inú rẹ̀ ló ti ń jáde.

Èmi ti parí yunifásítì, mi ò rí iṣẹ́, mo wá ń kọ́ṣẹ́ láìgbowó ní ọ́fíìsì asuráńsì kan ní Savalou, ohun tí rédíò Nàìjíríà ń pè ní adójútòfò. Èmi náà ni mo bẹ ìyá wa pé kó gba asuráńsì ńlá, èyí tó ń bo ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ọkọ̀ bá kọ lù nìkan. Nígbà tó gbà, inú mi dùn ju bó ti yẹ lọ. Ó dà bí ẹni pé ìwé tí mo kà ti wúlò fún ilé wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn ìlú, àwọn tó ṣe títì ti gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ pupa lọ, wọ́n fi kòtò ńlá kan sílẹ̀, tí inú rẹ̀ tẹ́jú bí abọ́. Ní àsìkò ọdún iṣu tuntun, àwọn ọ̀dọ́ tó wálé láti Kútọnu sọ ibẹ̀ di pápá ìje. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé wálé, ọkọ̀ tí wọ́n yá lọ́wọ́ bàbá wọn, ọkọ̀ tí yóò gbé ọmọ lọ síléèwé lọ́la, òun ni wọ́n fi ń sáré yí kòtò náà ká.

Mo lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan nítorí wọ́n sọ fún mi pé wọ́n rí ọkọ̀ wa. Òórùn táyà tó ń jó kọ lu imú mi kí n tó dé etí kòtò. Obìnrin kan sá ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sórí àpáta nítòsí; eruku pupa ti bo gbogbo rẹ̀. Ó ń kígbe sí wọn, wọ́n ń fi fóònù ya fídíò rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ìríra náà ti bẹ̀rẹ̀.

Fòfó ti jókòó sídìí ọkọ̀.

"Fòfó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e wọbẹ̀," ni mo wí. "Asuráńsì kì í san ohunkóhun fún ọkọ̀ tó bá bàjẹ́ nínú eré ìje. Bóyá ẹ̀bùn wà níbẹ̀ tàbí kò sí, kò kàn wọ́n. Bí ẹ bá sì kọ lu ẹni tó ń wòran, ọrùn Màmá ló máa bọ́ sí."

"Ta ló máa lọ sọ fún wọn? Ìwọ?"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó dé fìlà pupa na ọwọ́ sí mi. "Akọ̀wé! Ṣé ọkọ̀ yìí ni ẹ fẹ́ gbé níyàwó ni? Ojoojúmọ́ ló ń ru iṣu. Ẹ jẹ́ kóun náà ṣọdún!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Fòfó rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ, ó sì wọ inú kòtò.

Kò pẹ́. Òkúta wẹ́wẹ́ yẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ níbi tí ó ti fẹ́ yí, ọkọ̀ náà fì, ó kọ lu òkìtì yẹ̀pẹ̀, ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Mo sáré, mò ń pe orúkọ Ọlọ́run. Fòfó gba ojú fèrèsé jáde pẹ̀lú ọgbẹ́ kékeré níwájú orí. Ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n irin tó di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú ti ṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan ti wọnú pátápátá, epo ń ṣàn sínú iyẹ̀pẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni onífìlà pupa sọ pé, "Ojú títì kò jìnnà. Ẹ jẹ́ ká wọ́ ọ lọ síbẹ̀. Ẹran ló sáré kọjá níwájú rẹ̀, ó yà fún un, ó ṣubú. Ẹ ṣẹ́ ewé. Ewé ni ẹlẹ́rìí wa."

Mo rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Wọ́n so ọkọ̀ náà mọ́ òmíràn, wọ́n wọ́ ọ gba ọ̀nà igbó, wọ́n sì tì í ṣubú sétí títì. Wọ́n ṣẹ́ ẹ̀ka igi káṣú, wọ́n sì tò ó síwájú àti sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú sùúrù. Sùúrù yẹn ló rí mi lára jù. Wọ́n ń sún ẹ̀ka kan síwá, wọ́n ń fà á sẹ́yìn, bí ẹni tó ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́.

"Pe ọ̀gá rẹ," ni Fòfó wí fún mi. "Ìwọ ni wọ́n máa gbà gbọ́. Ọkọ̀ Màmá ni, kì í ṣe tèmi."

Ó mọ ibi tó ti máa dùn mí. Mo mú fóònù lọ́wọ́. Bí mo bá purọ́, ìyá wa yóò rí ọkọ̀. Bí mi ò bá purọ́, àsìkò iṣu ni a wà yìí, kò ní í rí ohun tó máa kó o. Mo jókòó sétí títì, mi ò pe ẹnikẹ́ni, mi ò sì kọ̀.

Awakọ̀ ẹrù kan rí ewé, ó dúró, ó ṣí fìlà kó tó sọ̀kalẹ̀. "Ẹni mélòó ló bá a lọ?" ni ó béèrè jẹ́jẹ́. Ìyá oníṣòwò kan, Mùsùlùmí, ọmọ Nàìjíríà tó ń ta epo ọkọ̀ ní Bantè, ní kí ọlọ́kadà tó gbé e dúró. Ó bu omi tó gbé lọ́wọ́ lé Fòfó lórí, ó fi gèlè rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

"Ọlọ́run ò ní jẹ́ á rí irú ẹ̀ mọ́. Ọ̀nà ò ní mu ẹ̀jẹ̀ rẹ, ọmọ mi."

"Àmín, Ìyá," ni Fòfó wí, ó sì tẹ orí ba.

Mo dìde, mo lọ bì sẹ́yìn igi. Mo ti gbìyànjú láti ṣàlàyé èébì yẹn fún ara mi. Kì í ṣe irọ́ nìkan. Mo ti gbọ́ irọ́ rí. Bí ó ṣe ṣe àmín yẹn dáadáa ni, láìṣẹ́jú.

Ibẹ̀ ni ìyá wa bá wa. Ó ń bọ̀ láti Savalou lórí ọ̀kadà. Ó rí ewé lókèèrè, ó rí àwọ̀ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì bẹ́ sílẹ̀ kí ọ̀kadà tó dúró. Bàtà rẹ̀ kan dúró sẹ́yìn. Kò ké. Ó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ẹnu líla tí ohùn kankan ò jáde. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Fòfó, ó fi ọwọ́ tọ́ orí rẹ̀, ọrùn rẹ̀, àyà rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń wẹ ọmọ tuntun.

"Màmá, kò sí nǹkan," ni Fòfó sọ sí i létí, bóyá kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. "Inú kòtò la ti ṣubú. Ètò la ṣe, kí asuráńsì lè san."

Ọwọ́ ìyá wa dúró.

"Ta ló ṣẹ́ ewé yìí?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹ̀ka kan, ó jù ú sígbó. Ó mú òmíràn.

"Màmá," ni onífìlà pupa wí, "bí ẹ bá kó ewé yẹn kúrò, ẹ ò ní rí ọkọ̀ gbà o."

"Mo ti rí irú ewé yìí rí," ni ìyá wa fèsì, kò wò ó. Ó kó gbogbo rẹ̀ tán pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lófìfo. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi. "Pe ọ̀gá rẹ. Sọ ibi tó ti ṣubú fún un."

Mo pè é. Mo sọ òótọ́. Asuráńsì kò san nǹkan kan, gẹ́gẹ́ bí mo ti mọ̀. Ọkọ̀ náà wà lẹ́yìn ilé wa, ewúrẹ́ ń sùn nínú rẹ̀. Fòfó ń bá àwọn ẹlòmíràn di iṣu sọ́kọ̀. Mo ṣì ń bá a jẹun. Ṣùgbọ́n bí ìyá wa bá gbàdúrà, tí Fòfó sì ṣe àmín, ilẹ̀ ni mo máa ń wò.

Fídíò kòtò yẹn àti ìròyìn ewé irọ́ náà ti yí gbogbo agbègbè ká. Láìpẹ́ yìí, èmi àti ìyá wa wà lórí ọ̀kadà kan, a di iṣu mọ́ ẹ̀yìn, à ń bọ̀ láti Gouka. A rí ewé tútù ṣáájú kọ́nà kan.

"Ṣíọ̀!" ni ọlọ́kadà wí. "Àwọn oní-ìje yẹn tún ti dé." Kò dín eré kù. Ó gba orí ẹ̀ka àkọ́kọ́ kọjá.

Ìyá wa lù ú léjìká. "Dín in kù! Mo ní kí o dín in kù!"

Ó dín in kù. Nígbà tí a yí kọ́nà náà, ọkọ̀ àgbàdo ńlá kan dùbúlẹ̀ dí títì. Awakọ̀ rẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó gbá orí mú, ẹnìkan sì dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Ọlọ́kadà náà dúró. Ìyá wa sọ̀kalẹ̀. Ó rìn padà sẹ́yìn kọ́nà, ó gbé ẹ̀ka tí táyà wa ti tẹ̀ fọ́, ó gbọn eruku orí rẹ̀, ó sì tò ó padà sáyè rẹ̀.