Ọmọ Tó Ń Gba Òdo ní Ìlú Òyìnbó

Bí mo bá gbọ́ òórùn ìwé ìròyìn àtijọ́ lónìí, àgàgà èyí tí ọ̀rinrin ti mú, ọkàn mi á padà sí yàrá wa ní Ajégúnlẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ tí Màámi fi abẹ gé okùn ìdì bébà kan. Òórùn yíǹkì ni, òórùn inú ọkọ̀ òkun ni, ó tún wá dàpọ̀ mọ́ ti ẹ̀pà tí Màámi ti ń yan nínú iyanrìn gbígbóná láti ìdájí. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi á rántí irú bébà bẹ́ẹ̀. Ìwé ìròyìn tí àwọn òyìnbó ò rí tà ni. Wọ́n á dì í ní ìdì ìdì, wọ́n á kó o sínú ọkọ̀ wá sí Àpápá, àwọn ìyá wa á sì rà á, wọ́n á máa fi wé ẹ̀pà, àkàrà àti ọṣẹ.

Màámi ń ta ẹ̀pà ní Warehouse Road, níbi tí àwọn lébìrà àti àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì ti máa ń kọjá. Iṣẹ́ tèmi, kí n tó lọ sílé ìwé, ni kí n ya bébà sí mẹ́rin mẹ́rin, kí n ká wọn bí àrọ tí a fi ń rọ epo, kí n sì tò wọ́n sínú ara wọn. Bàámi ní tiwọn ń ṣe tálì-kíláàkì ní wáàfù. Ìgbà yẹn, wọn ò tíì kọ́ èbúté Tin Can, Àpápá nìkan ló wà. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni Bàámi máa ń dúró sí pẹ̀lú pẹ́ńsùlù, gbogbo àpò àti àpótí tó bá ti inú ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀, wọ́n á fa igi kan fún un sójú bébà. Wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ ọ́ nílé pé, "Ohun tí kò bá sí nínú bébà, kò sí nínú ọkọ̀." Bí Màámi bá ní ẹran méjì ni àwọn fi sínú abọ́ wọn lánàá, wọ́n á ní ṣé ó wà nínú bébà.

Èmi ni àkọ́bí. Ọdún tí mò ń wí yìí, mo wà ní ìwé kẹfà, ìdánwò àtiwọ girama sì ń bọ̀. Ìṣirò ni ọ̀tá mi. Mo mọ Gẹ̀ẹ́sì kà débi pé àwọn ará ilé máa ń fún mi ní lẹ́tà wọn kí n bá wọn kà á, ṣùgbọ́n bí tíṣà bá ti kọ ìpín sí ojú pátákó, ojú mi á ṣú. Bàámi sì ti sọ ọ́ tán: bí mo bá yege, wọn yóò rán mi lọ sí girama àwọn obìnrin kan ní Àpápá, bí mi ò bá yege, Amukoko ni mò ń lọ, lọ́dọ̀ Àǹtí Kẹ́hìndé, àbúrò wọn, láti kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Màámi á ní, "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Èmi ò ro ti àáké rárá, ìṣirò ló ń dẹ́rù bà mí.

Ìdì bébà ọjọ́ yẹn ṣàrà ọ̀tọ̀, torí pé ìlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà ni gbogbo rẹ̀ ti wá, ọjọ́ kan tẹ̀lé òmíràn láìfò. Níbi tí mo ti ń ya á ni mo ti rí ojú ewé kan tí wọ́n to orúkọ èèyàn sí, tí nọ́ńbà mẹ́fà mẹ́fà sì wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Mo wo ti ọjọ́ kejì, ó tún wà níbẹ̀. Mo wo ti ọjọ́ kẹta, ó wà níbẹ̀. Àwọn lẹ́tà wínníwínní kan wà lókè nọ́ńbà wọ̀nyí. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí náà mo fò wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí orí mi ṣe ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Lójú tèmi, ohun kan ṣoṣo ló lè mú kí ìwé ìròyìn to orúkọ èèyàn, kó sì kọ nọ́ńbà sí i: èsì ìdánwò. Ṣebí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é nílùú wa? Ọjọ́ tí èsì bá jáde, gbogbo àdúgbò á máa du ìwé ìròyìn kan ṣoṣo mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Mo wá gbà pé ilé ìwé kan ni, pé ayé àwọn òyìnbó wọ̀nyí le débi pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣèdánwò, tí wọ́n sì ń tẹ èsì rẹ̀ jáde ní àárọ̀ ọjọ́ kejì kí ìyá ọmọ lè rí i. Àánú wọn ṣe mí.

Ọmọ kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Dobbin. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí i, ohun tó gbà ni mẹ́sàn-án, mẹ́rin, òdo, òdo, ọ̀kan, mẹ́jọ. Ìdánwò ìṣirò tiwa pín sí ọ̀nà méjì, mo sì rí i pé nọ́ńbà kẹta àti ìkẹrin fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń bára dọ́gba fún gbogbo wọn, ni mo bá pinnu pé àwọn méjì yẹn ni ìṣirò. Dobbin mọ Gẹ̀ẹ́sì, ó gba mẹ́sàn-án; ìṣirò ló ń pa á. Mo ní irú èmi nìyí ní ìlú òyìnbó.

Ohun tó tún rú mi lójú ni pé ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ márùn-ún ló ń wá sílé ìwé. Á dé, á gba òdo méjì, á tún di àwátì. Mo ní bóyá ìyá rẹ̀ náà ní ọjà tí ó ń bá wọn tà. Ẹnì kejì tó ń jẹ́ Hargis, òun ni mo kórìíra. Ó lè gba mẹ́fà nínú ìṣirò apá kìn-ín-ní, kó tún gba mẹ́fà nínú ìkejì. A ní irú rẹ̀ méjì ní kíláàsì wa, wọn kì í jẹ́ kéèyàn wo ìwé wọn.

Mi ò ya ojú ewé yẹn fi wé ẹ̀pà mọ́, mò ń kó o pamọ́ sínú àpótí aṣọ mi. Ẹyọ kan péré ló bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì dé ọwọ́ awakọ̀ kan ní Warehouse Road. Ọkùnrin náà jẹ ẹ̀pà tán, ó tẹjú mọ́ bébà, ó bi Màámi pé, "Iya Dupe, abeg, which kind pools be this?" Màámi ní àwọn ò mọ̀. Ó jọ pé ó rò pé nọ́ńbà tẹ́tẹ́ ni. Ó ká a sápò, ó lọ, mi ò mọ ohun tó fi ṣe.

Bí mo bá ti ilé ìwé dé, kí n tó bọ́ aṣọ, mo máa ń wo èsì ọjọ́ kan, ẹyọ kan ṣoṣo, torí mi ò fẹ́ kó tán. Mo ń gbàdúrà fún Dobbin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kí Ọlọ́run fún un ní ọ̀kan, ọ̀kan péré, nínú ìṣirò. Á tún gba òdo. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ karùn-ún, orúkọ rẹ̀ á tún jáde, ọkàn mi á sì balẹ̀. Mo ní bí ilé ìwé bá wà láyé tí wọn kì í lé ẹni tó ń gba òdo, ìrètí ń bẹ fún èmi náà. Màámi rí mi níbi tí mo ti ń wò ó, wọ́n bi mí ohun tí mò ń kà tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kò sí. Wọ́n ní, "Abéèrè kì í ṣìnà o." Mi ò béèrè, mo rò pé mo ti mọ̀.

Ìdánwò wa ku ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí Dobbin pòórá. Ọjọ́ karùn-ún pé, orúkọ rẹ̀ ò sí. Mi ò lè dúró mọ́, mo wo ti ọjọ́ kẹwàá, kò sí. Mo tú ìdì náà dé ìsàlẹ̀. Hargis pàápàá ò sí mọ́, ìyẹn sì tún dà mí lórí rú, nítorí kí ló dé tí wọ́n á fi lé ẹni tó mọ ìṣirò? Ṣùgbọ́n ti Hargis ò kàn mí. Wọ́n ti lé Dobbin nítorí òdo rẹ̀. Mo sunkún débi pé Màámi fọwọ́ kan ọrùn mi wò, wọ́n ní ibà ni, wọ́n sì fún mi lóògùn.

Mo ṣe ìdánwò náà. Mi ò rántí ohun tí mo kọ sínú bébà ìṣirò.

Nígbà tí èsì dé, wọ́n lẹ bébà kan mọ́ pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé. Àwọn ọmọ ti bo ibẹ̀. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ lanà wọlé, mo wá orúkọ mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún wá a láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Kò sí. Ẹ lè má gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ pé kò yà mí lẹ́nu. Mo ti rí i lára Dobbin bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo gbé àpò mi, mo jáde, mi ò dúró gbọ́ ti tíṣà tó ń pe àwọn ọmọ kan wọ ọ́fíìsì.

Bàámi gbọ́, wọ́n bi mí pé:

"Ṣé o wò ó dáadáa?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni, sà."

"Orúkọ rẹ ò sí nínú bébà?"

"Kò sí, sà."

Ó tán síbẹ̀. Ẹni tó ti fa igi sí bébà fún ọdún mẹ́rìnlá ò tún ní lọ bi ọkọ̀ léèrè. Ní Sátidé, Bàámi gbé àpótí mi, a fẹsẹ̀ rìn dé Amukoko, wọ́n fà mí lé Àǹtí Kẹ́hìndé lọ́wọ́. Inú Àǹtí dùn láti rí mi. Wọ́n gbé agolo bọ́tìnnì kan fún mi pé kí n máa ṣà á ní àwọ̀ àwọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni tíṣà wa dúró ra ẹ̀pà lọ́wọ́ Màámi. Wọ́n ní, "Ìyá Dúpẹ́, ẹ kú ọjà. Kí ló dé tí Dúpẹ́ ò wá gba lẹ́tà rẹ̀? A rò pé ẹ ti kó kúrò ládùúgbò ni."

"Lẹ́tà wo, mà?"

"Lẹ́tà intafíù. Dúpẹ́ yege. Lánàá ni wọ́n ṣe intafíù náà."

Àwọn tó yege, inú ọ́fíìsì ni wọ́n ti fún wọn ní lẹ́tà lọ́wọ́. Bébà tí wọ́n lẹ mọ́ pátákó jẹ́ ti àwọn tí yóò tún ìwé kẹfà kà. Wọ́n kọ ọ́ sókè rẹ̀ gàdàgbà. Èmi ò ka òkè bébà; ó ti mọ́ mi lára láti máa fò ó.

Màámi fi àtẹ ẹ̀pà sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sáré lọ pe Bàámi ní géètì wáàfù. Bàámi wọ aṣọ tí wọ́n ń wọ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lọ bẹ ọ̀gá girama náà. Ọ̀gá náà ò bínú, wọ́n tilẹ̀ ní kí Bàámi jókòó. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ọmọ ẹlòmíràn sí àyè mi. Wọ́n ní kí n tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, àbúrò mi Káyọ̀dé ló kàn, ọmọ méjì ò sì lè wà ní girama pọ̀ nílé tálì-kíláàkì.

Ọjọ́ tí mo wá kí wọn láti Amukoko ni mo kó bébà wọ̀nyẹn dání, tí mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Bàámi. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó rú àwọn náà lójú. Ọkọ̀ àlìkámà kan láti Amẹ́ríkà wà ní èbúté, ni wọ́n bá mú ojú ewé kan lọ han kúùkù ọkọ̀ náà. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní eré bọ́ọ̀lù onígi tí wọ́n ń pè ní baseball ni, kì í ṣe ilé ìwé. Pé ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbá a, àti pé ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ni wọ́n ń tẹ̀ jáde láàárọ̀. Àgbàlagbà ni Dobbin.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Bàámi kó wa jọ sí àgbàlá láti ṣàlàyé. Wọ́n fún Káyọ̀dé ní ọmọ odó, àwọn fúnra wọn mú ọsàn kan dání. Wọ́n ní ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì á fi igi gbá a, tó bá gbá a tán, á sáré yípo padà síbi tó ti kúrò.

Màámi ní, "Padà síbi tó ti kúrò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn ni góòlù."

"Kí ló wá lọ ṣe níbẹ̀?"

Bàámi na ọsàn náà sókè kí a lè rí i. Wọ́n ní Dobbin ni ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, pé òdo gan-an ni àdúrà rẹ̀, nítorí òdo ni pé kò sẹ́ni tó rí i sá yípo lójú rẹ̀. Apá rẹ̀ máa ń ro ó tó bá jù ú tán, ìdí nìyẹn tó fi ń sinmi ọjọ́ mẹ́rin. Hargis tó ń gba mẹ́fà mẹ́fà, òun gan-an ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ kiri. Màámi ní àwọn ò tíì rí irú rẹ̀ rí, kí ẹni tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀ jẹ́ olúborí. Bàámi ju ọsàn, Káyọ̀dé fi ọmọ odó gbá afẹ́fẹ́, ọsàn sì lọ bá bàsíà omi aládùúgbò wa, ó dà á nù. Aládùúgbò náà yọjú, ó ní, "Oga Tally, na wetin una dey play so?" Bàámi ní, "I no know am well well."

Ohun kan ṣoṣo ni mo béèrè: níbo ni Dobbin wá lọ? Bàámi ní kúùkù sọ pé ẹgbẹ́ ìlú kéékèèké ni àwọn yẹn. Ẹni tó bá dáa jù nínú wọn, ẹgbẹ́ ńlá á wá mú un lọ, orúkọ rẹ̀ á kúrò nínú bébà. Ẹni tí kò bá dáa, wọ́n á ní kó máa lọ sílé, orúkọ tirẹ̀ náà á kúrò. Bébà kì í sọ èwo ni èwo. Bàámi sọ èyí tán, wọn ò gbé ojú sókè. Wọ́n ní, "Dúpẹ́, ó yẹ kí n lọ wo pátákó yẹn fúnra mi." Bàbá mi kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ̀ẹ̀kan náà nìyẹn.

Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Mo ránṣọ títí ó fi rẹ ojú mi, mo fi rán ọmọ mẹ́ta lọ sí yunifásítì, iṣẹ́ náà ò sì fi mí ṣẹ̀sín. Ìṣirò tí mò ń sá fún ni mo fi wọn ìbàdí obìnrin Àpápá fún ogójì ọdún. Ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn rò pé òun mọ ohun tí òun ń kà. Èmi, bí wọ́n bá fún mi ní bébà lọ́sibítù tàbí ní báńkì, mo máa ń kà á lẹ́ẹ̀mẹta, kí n tún bi ẹni tó fún mi, títí àwọn ọmọ mi á fi ní, "Màámi, ó ti tó." Mo ti gbìyànjú láti bínú sí ọmọ yẹn, mi ò rí i ṣe. Mo ti gbìyànjú láti dárí jì í, ìyẹn náà ò tíì parí, ó ṣì ń dùn mí.

Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń bi mí nígbà míì pé, "Màmá àgbà, ṣé ẹ yege ìdánwò girama yín?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mo yege. Wọ́n á wá bi mí pé girama wo ni mo lọ.