Káàdì Tó Ń Pariwo ní Tanke

Mi ò ní parọ́, ariwo yẹn pọ̀ lóòótọ́. Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ya àwòrán ilé fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé ni. Bí mo bá ti gbé iṣẹ́ tó le fún un báyìí, fáànù kékeré méjì tó wà lára káàdì àwòrán inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í han goooro bí ẹ̀rọ ìlọta. Ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín yàrá mi àti pálọ̀ màmá onílé, tíṣà Ọ̀mù-Àrán tó ti fẹ̀yìn tì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé àdúrà ní gbogbo Sátidé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, màmá kanlẹ̀kùn. Wọ́n ní kó tó di Sátidé, kí n gbé ẹ̀rọ yẹn jáde, àbí kí èmi pẹ̀lú ẹ̀ jọ kó jáde. Ohun tí mo fi ń jẹun! Irọ́ ni.

Mo ra fáànù ńlá tí kì í pariwo, tòun ti irin tó ń fa ooru, mo gbé gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà mi lọ bá ọ̀gá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ní wọn kì í tú káàdì, pé tí obìnrin bíi tèmi bá tú u, ó bà jẹ́ nìyẹn. Obìnrin bíi tèmi kẹ̀! Mo gba ẹrù mi, mo wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé.

Èmi fúnra mi ni mo tú u. Mo yọ fáànù àtijọ́, mo fi ìpara funfun tó ń gbé ooru lọ sára irin sójú ibi tó máa ń gbóná, mo de irin àti fáànù tuntun mọ́ ọn. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo tàn án tó gbóná janjan, tó sì kú. Mo sunkún. Nígbà tó yá, inú bí mi, mo tún tú u. Àṣé ọ̀rá fẹ́lẹ́ kan ṣì wà lábẹ́ irin tuntun náà, kò jẹ́ kí ooru kọjá. Mo kúkú rí i tẹ́lẹ̀! Ṣùgbọ́n nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í ṣí ọ̀rá kúrò lára nǹkan tuntun. Ọdún mẹ́wàá ni àga bàbá mi fi wà nínú ọ̀rá. Mo fà á ya, mo tún irin náà dè.

Ní Sátidé, màmá wọlé, wọ́n tẹ́tí, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọmọ dáadáa ni mí, pé mo ti gbé e kúrò. Ǹ bá dákẹ́, àmọ́ mi ò lè dákẹ́. Mo rọra fa ọwọ́ wọn sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, níbi tí atẹ́gùn gbígbóná ti ń jáde.

"Ó wà níbí, mà. Iṣẹ́ ló ń ṣe lọ́wọ́. Àwa méjèèjì ò sì kó lọ."

Wọ́n fa ọwọ́ wọn padà, wọ́n ní ìpàdé ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n jáde. Láìpẹ́, orin àti àtẹ́wọ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ògiri. Mo jókòó, mò ń ya ilé tí mò ń yà lọ. Èmi ò kanlẹ̀kùn ẹnikẹ́ni.