Orúkọ Tí Màmá Ìtumọ̀ Kọ̀ Láti Rán

Bí o bá gbé aṣọ ìbora ọmọ tuntun wá fún Màmá Ìtumọ̀ pé kó fi òwú kọ orúkọ sí i, kò ní wo aṣọ, kò sì ní béèrè àwọ̀ òwú tó o fẹ́. Orúkọ ọmọ ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Bó bá ti gbọ́ ọ tán, yóò sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún ọ àti ibi tó ti wá, bó dùn bí kò dùn, kó tó mú abẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ti rí orúkọ tí wọ́n ń pè é.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mí. Bọ́tìnnì àti síìpù ni mo ń tà. Ògiri pákó kan ló la ṣọ́ọ̀bù wa láàárín, nítorí náà kò sí ohun tó ń sọ fún oníbàárà tí etí mi kì í gbọ́. Inú ìwé àlòkù kan tó ti já lẹ́yìn ló ti kọ́ ìmọ̀ ìtumọ̀ orúkọ náà nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́. Bíríkìlà kan wá pẹ̀lú Edwin. Ó sọ fún un pé orúkọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni, pé ọ̀rẹ́ ọrọ̀ ló túmọ̀ sí, ọkùnrin náà sì rẹ́rìn-ín títí tó fi dé títì. Awakọ̀ kan mú Cameron wá. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Skọ́tíláǹdì lèyí ti wá, pé imú wíwọ́ ni. Awakọ̀ fọwọ́ kan imú ara rẹ̀, ó ní kò burú, ọmọ á jọ bàbá ẹ̀. Ìyàwó olùkọ́ kan ló wá fẹ́ Claudia. Màmá Ìtumọ̀ ní inú èdè Látìn ni wọ́n ti mú un, pé ẹni tó ń tiro ni. Obìnrin náà ká aṣọ rẹ̀, kò sì padà wá mọ́. Mo bínú sí i lọ́jọ́ náà, mo ní ẹnu rẹ̀ á lé oníbàárà tán pátápátá. Ó ní orúkọ ní í ro ọmọ, òun ò lè fi abẹ́rẹ́ kọ ohun tí òun ò lè fi ẹnu sọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í fi nǹkan bò yìí ń fi tirẹ̀ bò. Cecilia ni orúkọ òyìnbó tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ orin ni yóò máa sọ, pé obìnrin mímọ́ kan jẹ́ ẹ rí, pé àwọn olórin fẹ́ràn obìnrin náà gan-an. Mo gbà á gbọ́. Ta ni yóò bá Màmá Ìtumọ̀ jiyàn lórí ìtumọ̀?

Àfìgbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ. Òun nìkan ni Màmá Ìtumọ̀ bí, ilé tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tuntun náà sanra, ó pupa, ṣùgbọ́n ohun funfun kan bí omi ìrẹsì bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Dókítà ní àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n sì ṣe é kíá, nítorí ojú ìkókó tí kò bá tètè rí ìmọ́lẹ̀ lè má kọ́ ìríran mọ́ láéláé. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn gbogbo wa ò ti balẹ̀. Ìyá ọmọ ní, ó yọrí o, kò yọrí o, orúkọ ìyá òun ni ọmọ òun máa jẹ́. Ó gbé aṣọ ìbora kan tó rọ̀ múlọ́múlọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù pé kí ìyá òun kọ Cecilia sí i.

Màmá Ìtumọ̀ gba aṣọ, kò kọ nǹkan kan. Lónìí, òwú ti tán. Lọ́la, ọwọ́ ń ro ó. Mo máa ń rí i tó na aṣọ náà sórí itan, tó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, tó tún fa òwú yọ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n di ojú ọmọ, ibi tó yẹ kí orúkọ wà lára aṣọ ṣì ṣófo. Ẹni tó kọ orúkọ ọmọ gbogbo ayé! Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, n kò lè parọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n máa tú ojú ọmọ, mo sin Màmá Ìtumọ̀ lọ sí ọsibítù. Ìyá ọmọ jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọmọ lé àyà. Ọkọ rẹ̀ ti sáré lọ ra oògùn. Ìyá ọmọ kí wa, ó wo àpò ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó rí i pé kò sí aṣọ níbẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Màámi, ẹ sọ òótọ́ fún mi," ó ní. "Ṣé torí ojú ẹ̀ lẹ ò ṣe fẹ́ kó jẹ́ orúkọ yín? Ṣé ọmọ mi ń tì yín lójú ni?"

Mo fi ìgúnpá gún Màmá Ìtumọ̀. Ẹnu mi ń yún mi láti bá a sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ni mo mọ̀ tí mo fẹ́ sọ? Ó rọra jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì.

"Afọ́jú ni," ó ní. "Cecilia. Inú Látìn ló ti wá, afọ́jú ló túmọ̀ sí. Obìnrin mímọ́ olórin yẹn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ nìtumọ̀ rẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fọwọ́ ara mi kọ ọ́ lé ọmọ yìí lórí?"

Mo rò pé ọmọbìnrin náà máa bú sẹ́kún. Kò sunkún, inú ló ń bí i. Ó ní láti ìgbà wo ni ìyá òun ti mọ̀. Ìyá ní ó ti pẹ́, kó tó di pé òun bí i rárá. Ọmọ rẹ̀ ní kí ló wá dé tó fi dákẹ́, tó jẹ́ kí òun máa rò tọ̀sán tòru pé ìyá òun kórìíra ọmọ òun. Ìyá ní ẹ̀rù ló ba òun. Òun rò pé bí òun ò bá ti sọ ìtumọ̀ náà jáde lẹ́nu, kò ní rí ẹni mú.

"Màámi, kò tíì lórúkọ kankan tójú ẹ̀ ti rí báyìí," ọmọ rẹ̀ ní. "Kí lorúkọ tún fẹ́ ṣe fún un? Cecilia ló ránṣọ tó fi tọ́ mi dàgbà. Ìyẹn nìtumọ̀ tèmi mọ̀. Mi ò gbọ́ Látìn."

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn tí nọ́ọ̀sì wọlé. Ó ní dókítà ń bọ̀, pé "Ọmọ" lásán ló ṣì wà lára páálí tí wọ́n so mọ́ bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n jọ̀ọ́ fún òun lórúkọ. Ìyá ọmọ ń wo ìyá rẹ̀. Èmi náà ń wò ó.

"Cecilia," Màmá Ìtumọ̀ ní.

Nọ́ọ̀sì ní orúkọ náà dùn, kí ló túmọ̀ sí? Mo ti ń retí ọ̀rọ̀ orin.

"Afọ́jú ni, ọmọ mi. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Kálàmù dúró lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ó wo ìyá ọmọ, ìyẹn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó kọ Cecilia síbẹ̀.

Dókítà dé, ó tú báńdéèjì díẹ̀díẹ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì kékeré kan, ó gbé e lọ síbí, ó gbé e lọ sọ́hùn-ún. Kò sí nǹkan. Ó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni ẹyinjú ọ̀tún rọra sún, ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn iná, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé e. Tòsì ò mira. Dókítà ní ọ̀tún ríran, pé tòsì ni òun ò lè ṣèlérí nǹkan kan lé lórí, kí á máa wò ó ná.

Màmá Ìtumọ̀ fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń sunkún láìpariwo. Ọmọ rẹ̀ dìde, ó gbé ìkókó náà wá bá a, ó tẹ́ ẹ sí apá rẹ̀ dáadáa.

"Ẹ gbà á," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó rí ẹni tó lorúkọ."