Ṣùkú Tó Yà sí Kọ́lẹ́sẹ̀

Mo rántí ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í di orí Ìyá Ìbejì, oníbàárà wa kan, ní ṣùkú, tí mo sì parí rẹ̀ ní kọ́lẹ́sẹ̀. Apá òsì ń gòkè lọ sí àárín orí, apá ọ̀tún ń sá lọ sí ìpàkó. Ó gbé dígí, ó figbe ta: "Yéè! Ṣé èmi nìkan lo dì yìí, àbí èmi àti ìyá ọkọ mi?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rù bà mí gan-an, nítorí mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi yà.

Ọmọṣẹ́ onídìrí ni mí nígbà náà, ní Ìsọlọ̀. Àìsàn ọpọlọ kan ti bá mi jà, mo ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́. Sikisofiríníà ni dókítà pè é; màmá mi ní orúkọ rẹ̀ nìkan ti tó gbé ènìyàn ṣubú. Oògùn lé àwọn ohùn náà lọ, ṣùgbọ́n ìrántí mi ò padà. Bí ọ̀gá mi bá rán mi lọ mú òwú àti òòyà, òòyà nìkan ni màá mú bọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti gba fírídọ̀mù, èmi ṣì ń gbálẹ̀. Ọ̀gá mi sọ ọ́ lójú mi: "Ọjọ́ tó o bá di orí kan tán láì bi mí pé kí ló kàn, ọjọ́ yẹn ni màá gbàdúrà òmìnira fún ẹ." Àwọn kan ní kó lé mi. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́."

Nígbà tí mo lọ gba oògùn mi, dókítà tẹjú mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tó wú. Eyín kan ló ti ń kẹ̀ níbẹ̀ tipẹ́. Omi iyọ̀ ni mo fi ń tọ́jú rẹ̀, akọni obìnrin! Ó ṣàlàyé pé ara ń bá kòkòrò jà ni ibẹ̀ fi wú tó ń gbóná, àti pé irú ìjà bẹ́ẹ̀ kì í fìgbà gbogbo dúró lójú kan. Ó lè mú kí èrò ẹni tó ní irú àìsàn tèmi túbọ̀ lọ́ra. "Mi ò ṣèlérí o," ó ní, "ṣùgbọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ pa iná tá a rí."

Wọ́n yọ eyín náà. Mi ò fi oògùn mi sílẹ̀. Màmá mi, tíṣà ará Èkìtì, ń mú mi rìn dé Òkè-Àfà láràárọ̀, a ó máa ka àkọ́sórí ṣọ́ọ̀ṣì lọ lójú ọ̀nà bí ọmọdé. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lọ́jọ́ kan, mo mú òwú àti òòyà bọ̀ pọ̀, ọ̀gá mi sì wò mí títí.

Bí Ìyá Ìbejì ṣe tún wọlé nìyẹn. Ó rí mi, ó di orí ẹ̀ mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lẹ́lòmíì!" Ọ̀gá mi ní, "Ẹ jókòó, mà." Ó wá kẹ́yìn sí wa, ó ń dúró de ìbéèrè mi. Mi ò bèèrè nǹkan kan. Mo di iwájú, mo di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo di ìpàkó, gbogbo wọn gòkè lọ pàdé láàárín. Ìyá Ìbejì gbé dígí, ó yí síbí, ó yí sọ́hùn-ún. "Haa! Ṣùkú pọ́nńbélé!" Níbẹ̀ gan-an ni ọ̀gá mi ti gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Mo sunkún, mo jó. Ayọ̀ ọjọ́ yẹn ò ṣeé fẹnu sọ.

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Èjìgbò báyìí. Mo ṣì ń lo oògùn mi, ọjọ́ mìíràn sì wà tí èrò mi ń lọ́ra. Mo ń mí kanlẹ̀, mo ń bá a lọ. Ìyá Ìbejì ṣì ń wá dirí lọ́dọ̀ mi. Bí mo bá ti parí, ó kàn ń dìde, ó ń lọ ni. Kì í bèèrè dígí mọ́.