Sàráà Tí Mo Wá Ẹ̀rí Fún

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni ilé iṣẹ́ èlùbọ́ tí mo ń bá a ṣe lẹ́yìn ọjà Ipata. A máa ń ra iṣu, a ó bẹ ẹ́, a ó bọ̀ ọ́ nínú omi gbóná, a ó sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ koránkorán, lẹ́yìn náà a ó lọ̀ ọ́. Ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ní ọ́fíìsì ní Challenge ló ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú èlùbọ́ wa. Wọ́n á dì í sínú ọ̀rá kéékèèké tó rẹwà, wọ́n á sì kó o lọ sí òkè òkun. Bí wọ́n bá kọ̀ wá sílẹ̀, kò ní pẹ́ tí a ó fi kógbá sílé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn obìnrin tó ń bá wa bẹ iṣu.

Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ránṣẹ́ sí wa pé àwọn oníbàárà wọn lókè òkun ti ní kí wọ́n máa gbé gbogbo ẹni tó ń kó ọjà fún wọn sórí ìwọ̀n. Wọ́n fẹ́ mọ bí a ṣe ń ṣe sí òṣìṣẹ́, ibi tí omi tí a fi bọ iṣu ń ṣàn lọ, ibi tí èèfín ń gbà, ohun tí a ń fi èèpo iṣu ṣe, àti ohun tí àdúgbò ń jẹ nínú iṣẹ́ wa. Ẹni tí máàkì rẹ̀ kò bá tó, wọn kò ní rajà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi fetí sí mi títí mo fi ka gbogbo rẹ̀ tán.

“Ìdánwò ni wọ́n fẹ́ ṣe fún èlùbọ́?”

“Kì í ṣe èlùbọ́, Àǹtí. Àwa ni.”

“Ìwọ tó ń lọ sí kíláàsì ni kí o jókòó sí i. Bí o bá féèlì, mi ò ní bá ọ pín in.”

Òótọ́ ni pé mo ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbàlagbà, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Adéwọlé, nígbà tí àwọn ọmọdé bá ti lọ sílé. Orí àga wọn la máa ń jókòó sí, orúnkún wa á sì máa kan tábìlì. Mo kó àwọn ìbéèrè náà lọ bá olùkọ́ wa, ọkùnrin kan tó wá láti ìhà Ọ̀ṣun, tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó ní kí n má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ibi ohun tí a kò ní. Kí n kọ́kọ́ wo ohun tí a ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, kí n sì wá ẹ̀rí fún un, nítorí pé lójú àwọn tó ń gbéni sórí ìwọ̀n, ohun tí kò bá ní ẹ̀rí kò ṣẹlẹ̀ rárá. Mo fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo tẹ̀ lé e. A gbẹ́ kòtò fún omi tí a fi bọ iṣu, kí ó má baà máa ṣàn gba iwájú ilé onílé. A fi iyanrìn kún garawa méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò nítorí iná. A ra ìbọ̀wọ́ fún àwọn tó ń bẹ iṣu. Wọ́n lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní ọ̀bẹ ń yọ̀ lọ́wọ́ àwọn, mo sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀ bó ṣe rí, nítorí pé n kò fẹ́ kí irọ́ kankan wọ inú ìdáhùn wa. Ní ti èèpo iṣu, ọkùnrin kan tó ń sin àgùntàn lẹ́yìn ilé wa ló ń kó o lójoojúmọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó tẹ̀ka sórí ìwé pé lóòótọ́ ni.

“Ṣé ọlọ́pàá ló fẹ́ rí i ni?”

“Rárá o. Àwọn tó ń ra èlùbọ́ wa ni.”

“Èmi kọ́ ni mo jẹ èèpo,” ni ó wí. “Pe àgbò kó wá tẹ̀ka.” Ó sì tẹ̀ ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ibi tó kù ni ti àdúgbò. Ọmọbìnrin kan wá láti ọ́fíìsì Challenge láti bá wa yẹ gbogbo rẹ̀ wò kí a tó fi ránṣẹ́.

“Àlàájà, kí ni ẹ ń ṣe fún àwọn ará àdúgbò?”

“Mi ò tíì dé Mẹ́kà,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

“Ẹ máa dé ibẹ̀ láìpẹ́, mà.”

“Àmín. Bá mi kọ ìyẹn sí i.” Lẹ́yìn náà ó ní, “A ò ṣe nǹkan kan fún àdúgbò.”

Ojú mi ni ó ń wò bó ṣe ń sọ ọ́, mo sì mọ ohun tí ojú náà ń wí. Ní àràárọ̀ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, èmi ni mo máa ń gbé èlùbọ́ tí a wé sínú ọ̀rá dúdú lọ sí ẹnu ọ̀nà àwọn ilé kan tí nǹkan kò rọgbọ fún. Mo máa ń kan ilẹ̀kùn, n ó sì ti yà kúrò kí wọ́n tó ṣí i. Sàráà ẹ̀gbọ́n mi ni. Láti kékeré, ní ilé kéwú, ni wọ́n ti kọ́ wa pé sàráà tí èèyàn ṣe kí ayé lè rí i ti di ṣekárími, kò sì ní láádá mọ́.

Ọmọbìnrin náà ní bí ibẹ̀ bá ṣófo, àwọn ibi tó kù lè má gbé wa dé ibi tí wọ́n fàlà sí. Ó ní kí a wá nǹkan, fọ́tò kan ṣoṣo ti tó. Nígbà tí ó lọ, mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi.

“Ọlọ́hun ni ẹlẹ́rìí mi,” ni ó wí.

“Wọn ò lè pè É lórí fóònù, Àǹtí.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó tún ní, “Má kọ ọ́.”

Mo tú gbólóhùn yẹn wò bí a ṣe ń tú gbólóhùn ní kíláàsì. “Má kọ ọ́” ni ó sọ. Kò sọ pé kí n má béèrè. Mo pinnu pé n ó kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ ẹnì kan nínú àwọn tó ń gba sàráà náà, nítorí wọ́n ti kọ́ wa ní kíláàsì pé a kì í ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò láìgba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá gbà, n ó wá padà lọ bẹ ẹ̀gbọ́n mi. Ó dà bíi pé ìṣísẹ̀ mi tọ́.

Mo lọ bá ìyá kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ilé Kéwú. Opó ni. Ọkọ rẹ̀ ni àfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéwú kí ó tó jáde láyé, ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kò kéwú lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́yìn ìrun àláásárì, mo kúnlẹ̀ kí i, ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè ẹ̀gbọ́n mi.

“Ìyá, lórí èlùbọ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni mo wá. Mo fẹ́ tọrọ àyè kí n yà yín ní fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ ò bá fẹ́ kí ojú yín hàn, kò ní hàn.”

Ó gbójú sókè wò mí.

“Èlùbọ́ ọjọ́ Jímọ̀,” ni ó wí. “Ẹ̀yin ni?”

Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ohun tí mo ti sọ.

“Àwọn ọmọ kéwú Àfáà ni mo rò pé ó ń gbé e wá,” ni ó wí. “Mo máa ń dárúkọ wọn nínú àdúrà, níkọ̀ọ̀kan. Mo máa ń sọ pé, ẹ wò ó, àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbàgbé rẹ̀.” Ó fọwọ́ tún ìborùn rẹ̀ ṣe. “Ó dáa náà. Ẹ ti bo àṣírí mi tipẹ́. Ọlọ́hun á bo tiyín. Dúró, jẹ́ kí n múra.”

Ó wọlé, ó wọ ìborùn funfun, ó gbé ọ̀rá dúdú náà jáde, ó gbé e lé ẹsẹ̀, ó sì jókòó gbọnran, ó ń wo fóònù mi. N kò lè ya fọ́tò náà. Mo sọ fún un pé iná ti tán nínú fóònù. Nínú gbogbo ìmúrasílẹ̀ tí mo ṣe fún ìdánwò náà, irọ́ kan ṣoṣo tí mo pa nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá náà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi bí ọmọlúàbí ti ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn tayọ̀tayọ̀, ó sìn ín dé ojú títì. Nígbà tí ó padà dé, ó gbé ajọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jọ èlùbọ́.

“Àṣírí obìnrin yẹn là ń bò. Ìwọ lọ ṣí i nítorí máàkì.”

Mo ní kí ó má bínú. Ó ní òun kò bínú. N kò gbà á gbọ́ nígbà náà, n kò sì gbà á gbọ́ títí di òní.

Mo sọ fún olùkọ́ wa pé ibi ti àdúgbò ṣì ṣófo, n kò sọ ìdí rẹ̀. Ó béèrè ibi tí a ti ń rí omi. Mo ní a gbẹ́ kànga onímáṣíìnì. Ó béèrè bóyá àwọn aládùúgbò ń pọn níbẹ̀. Mo ní ẹ̀yìn ògiri lẹ́bàá ọ̀nà ni ẹ̀gbọ́n mi fa ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀ sí, kí wọ́n lè pọn ún láìwọlé.

“Ta ni kò mọ̀ pé ẹ ń fún wọn lómi?” ni ó bi mí.

Gbogbo ayé ló mọ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń gba ẹ̀gbẹ́ àwọn garawa wọn kọjá. Ọmọbìnrin Challenge wá ya fọ́tò níbẹ̀, àwọn obìnrin sì ń jà sí ẹni tí yóò dúró níwájú. Máàkì wa tó. Wọ́n ṣì ń ra èlùbọ́ wa.

Ìyá Ilé Kéwú kò gba sàráà mọ́. Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbé ọ̀rá náà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti gbé e padà wá, bí a ṣe so ó náà ló wà. Ó ní kí a fún òun lọ́bẹ. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ ẹ́ títí.

“Nígbà tí n kò mọ ẹni tó ń fún mi, ó rọrùn,” ni ó wí. “Ní báyìí tí mo ti mọ̀, ẹ jẹ́ kí n bá yín bẹ iṣu.”

Ó ti ń bá wa bẹ iṣu láti ìgbà náà, lábẹ́ ibòji, lórí àga tó ní ibi ìfẹ̀yìntì. Ẹ̀gbọ́n mi ń san owó iṣẹ́ fún un bíi ti àwọn yòókù. Iṣu máa ń yún un lọ́wọ́, a sì máa ń fi epo pupa pa á. N kò tún gbọ́ kí ó mẹ́nu kan àwọn ọmọ kéwú Àfáà.

Ìdánwò ti ọdún yìí ti dé. Wọ́n béèrè iye obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, mo sì fi ọ̀kan kún un. Inú ọmọbìnrin Challenge dùn. Ó ní bí ilé iṣẹ́ kékeré bá gba opó síṣẹ́, máàkì wà fún ìyẹn lọ́tọ̀, kí a ṣáà ti wá ẹ̀rí. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí.

Mo lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá náà. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì jókòó gbọnran bí ó ti ṣe lọ́jọ́ sí.

“Ṣé iná wà nínú fóònù rẹ lónìí, ọmọ mi?”

Mo ní ó wà.